Òkè Tí Òṣìṣẹ́ Jà Gbà

"Kí lẹ fẹ́ lọ mú bọ̀ níbẹ̀?" Bí àwọn ará wa ní Manchester bá gbọ́ pé orí òkè ni èmi àti ọkọ mi ń lọ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò sí, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí à ń ṣe gbé ayé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní dá wọn lẹ́bi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Tólú, ọkọ mi, ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí. Ọjọ́ tí àwa méjèèjì jọ ń wà nílé kò pọ̀. Owó iná wà nílẹ̀, owó ilé wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ń pe ìpàdé, àwọn ará ilé ń pè láti Nàìjíríà. Kí ènìyàn wá kó irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ gun òkè nínú òjò, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo, wọ́n á ní àfi bí ẹni pé nǹkan ń ṣe é.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣàdédé gun òkè. Ọmọ Ìdànrè ni mí. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wa tẹ ìlú dó sí kí ogun má baà ká wọn mọ́. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀ dòní, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn yóò sì gùn kó tó fojú kàn án. Ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá náà dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ọdẹ ń wọ igbó torí ẹran, oníṣègùn ń wọ̀ ọ́ torí ewé àti egbò, aládùúrà ń gun òkè torí pé ó ní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí wọ́n ń wá lọ. Èyí tí ènìyàn á kàn máa rìn kiri orí òkè, tí kò pa ẹran, tí kò já ewé, ọ̀pọ̀ wa gbà pé nǹkan òyìnbó olówó ni.

Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ló jà kí ìrìn yìí tó di ẹ̀tọ́, láti Manchester tí à ń gbé yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbéra.

Ọjọ́ Àìkú kan ní 1932

Láyé ìgbà náà, èéfín ilé iṣẹ́ òwú ló bo ìlú yìí mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí agbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Peak District, kí wọ́n lè fẹ́ atẹ́gùn tó mọ́ sára. Àmọ́ àwọn ọlọ́lá ti fi ọwọ́ mú ibi tó dára jù níbẹ̀. Òkè Kinder Scout, tó ga ní mítà 636, wà lábẹ́ Duke ti Devonshire. Wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ẹyẹ kan tó jọ àparò, kí àwọn ọlọ́lá lè máa yìnbọn pa á fún oṣù díẹ̀ lọ́dún. Òṣìṣẹ́ tó bá yọjú síbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó mú igi lọ́wọ́ á lé e sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, 1932, ọmọ ogún ọdún kan tó ń jẹ́ Benny Rothman, tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ṣáájú àwọn bí 400 láti abúlé Hayfield. Wọ́n gun Kinder Scout ní ojúmọmọ, wọ́n ń kọrin lọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dìde sí wọn, ìjà díẹ̀ ṣẹlẹ̀, wọ́n sì kọjá. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọlọ́pàá ti ń dúró dè wọ́n. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí kóòtù, wọ́n sì ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n, láti oṣù méjì títí dé oṣù mẹ́fà. Rothman lo oṣù mẹ́rin ní tirẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n yẹn bí gbogbo ìlú nínú. Ní 1949, ìjọba ṣe òfin tó dá àwọn ọgbà àdáyébá England àti Wales sílẹ̀, tó sì ní kí wọ́n ya àwòrán gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ará ìlú ní ẹ̀tọ́ sí. Peak District ló kọ́kọ́ di irú ọgbà bẹ́ẹ̀, ní 1951. Òfin mìíràn tó jáde ní 2000 wá fi kún un pé ní England àti Wales, ènìyàn lè kúrò lójú ọ̀nà kó máa rìn káàkiri orí òkè àti pápá tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí, ì báà jẹ́ ọlọ́lá ló ni ín. Gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tí òfin dáàbò bò ní England àti Wales lé ní 200,000 kìlómítà. Òfin náà kò yọ ẹni tó fi físà wọ̀lú sílẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin láti Manchester Piccadilly kì í pẹ́ tó wákàtí kan kó tó dé Edale, abúlé kékeré kan ní ẹsẹ̀ Kinder Scout. Níbẹ̀ ni èmi àti Bàbá Tólú ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìkòròdú ni. Ọ̀sà ló mọ̀, kò mọ òkè. Kì í ṣe gíga òkè ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù, oko olóko ni. Pátákó tó júwe ọ̀nà ní ká ṣí géètì kan, ká gba àárín àwọn àgùntàn kọjá, ká rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé àgbẹ̀ náà. Ó dúró.

"Ìyá Tólú, ṣé wọn ò ní pe ọlọ́pàá sí wa báyìí? Ẹ wo aṣọ tí wọ́n sá."

Mo ní kó máa bọ̀, kó sáà ti géètì padà. Bí ọ̀nà oko ṣe ń la oko onínǹkan kọjá nílé náà ló rí: ilẹ̀ ní olúwa, ọ̀nà ò ní. Ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá ni pé kó má kúrò lójú ọ̀nà bí oko bá wà níbẹ̀, kó di ajá rẹ̀ mú, kó má sì fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí kí àgùntàn má baà jáde. Àgbẹ̀ náà jáde lóòótọ́. Ó ní òjò á tó rọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà lórí òkè tó ya Yorùbá lẹ́nu. Òyìnbó tí a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà fún ọdún pípẹ́ tí kò kí wa rí, bí a bá pàdé irú rẹ̀ lórí òkè, òun ni yóò kọ́kọ́ kí wa. Á ní ká rọra, òkúta ń yọ̀ níwájú. Àwọn náà mọ "ẹ kú ìpọ́nkè". Ibi tí wọ́n ti ń kí i ló yàtọ̀ sí tiwa.

Òkè tí kì í dúró de ẹni tó pẹ́

Láti Kinder la ti wá mọ́kàn le, tí a forí lé àríwá Wales. Eryri ni wọ́n ń pe ibẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa pè é ní Snowdonia. Òkè Yr Wyddfa tó wà níbẹ̀ ga ní mítà 1,085, kò sì sí òkè tó ga tó o ní Wales àti England. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó Everest ní 1953 fi àwọn òkè agbègbè yìí múra sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti ń gun Yr Wyddfa láti 1896, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé orúnkún ni kò jẹ́ kóun lọ.

Ọ̀nà Llanberis la gbà. Òun ló gùn jù, òun ló sì rọrùn jù: àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 14, ó sì máa ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá sáré. Nísàlẹ̀, oòrùn ń ràn, Bàbá Tólú bọ́ ẹ̀wù òtútù. Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbá wa létí. Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé ni. Bí ènìyàn bá fi 1,000 mítà gòkè, ooru á fi bíi digírì mẹ́fà sí méje dín kù. Kí a wá fi afẹ́fẹ́ kún un, kí aṣọ tún tutù, oṣù Kẹfà á di oṣù Kejìlá lára ẹni.

Iṣẹ́ mi ló kọ́ mi pé òtútù kì í pariwo kó tó ṣeni léṣe. Arúgbó tí òtútù bá mú á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Tó bá pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò ní já gaara mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò ní lè di bọ́tìnì. Bó bá wá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ti gbóná, ewu ti dé. Bákan náà ló ń ṣe ọ̀dọ́ tó lágbára lórí òkè. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni bá wa lọ pẹ̀lú jíǹsì: òwú ni, bó bá ti mu omi, yóò máa fa ooru kúrò lára ẹni. Ohun tí à ń mú lọ ni ẹ̀wù òjò tí omi kò lè wọ̀, ṣòkòtò tó ń tètè gbẹ, bàtà tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, fìlà àti ìbọ̀wọ́, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, máàpù tí a tẹ̀ sórí ìwé nítorí ọjọ́ tí bátìrì fóònù bá kú. Ní ti oúnjẹ, fúlásíìkì ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ń wọ àpò ẹ̀yìn dáadáa. Mọ́ínmọ́ín dára ju búrẹ́dì tútù lọ níbikíbi tó bá ga ju ilé ènìyàn.

Bí nǹkan bá ṣe ènìyàn lórí òkè, 999 ni kó pè, kó béèrè ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà kó ní àwọn adóòlà orí òkè lòun fẹ́. Bí fóònù kò bá lọ, kó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn adóòlà yìí kì í gba owó oṣù, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n yọ. Tíṣà ń bẹ nínú wọn, bíríkìlà ń bẹ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì náà ò gbẹ́yìn. Àárín òru ni wọ́n ti máa ń dìde nílé wọn láti lọ gbé ẹni tí wọn ò mọ̀ rí.

Igbó òjò nílẹ̀ òtútù

Bí mo bá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa pé igbó òjò wà ní Bìrìtìkó, wọ́n á rò pé mò ń ṣàwàdà. Lọ́kàn wa, igbó òjò ni Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì wà, tàbí ti Amazon. Ṣùgbọ́n ooru kọ́ ló ń sọ igbó di igbó òjò, ọ̀rinrin tí kì í tán ni. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun Atlantic bọ̀ a máa ru ọ̀rinrin wá. Bó bá kọlu òkè Eryri, á gòkè, á tutù, á sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ibì kan níbẹ̀ ń rí òjò tó ju mìlímítà 3,000 lọ lọ́dún. Ó ju ìlọ́po méjì òjò Ìbàdàn lọ. Òjò tiwa a máa rọ̀ gìdìgìdì, á sì dá. Tiwọn a máa ṣẹ́ wínníwínní láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Láti Manchester, a wọ ọkọ̀ ojú irin dé Llandudno Junction, a sì pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ń lọ sí Blaenau Ffestiniog. Kò jìnnà síbẹ̀ mọ́ tí igbó Coed Felenrhyd wà, lápá Maentwrog. Ẹni tó bá ń retí ìrókò àti àràbà, ojú rẹ̀ á wálẹ̀ níbẹ̀ o. Igi oak ló pọ̀ jù, wọn ò ga, wọ́n wọ́, wọ́n tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹwà ibẹ̀ wà lára igi, kò sí lórí rẹ̀. Kò sí ẹ̀ka tí ewéko mìíràn kò hù sí. Òkúta, gbòǹgbò àti igi tó wó, gbogbo wọn ló wọ aṣọ tútù aláwọ̀ ewé tó nípọn bí ìka ọwọ́. Omi ń hó nínú ọ̀gbun lápá kan.

Lára igi kan, mo rí ohun kan tó fẹ̀ bí ewé, tó ní ihò wẹ́wẹ́ àti ìlà, tó sì jọ ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n máa ń yà sára ògiri ilé ìwòsàn. Lobaria pulmonaria ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Torí ìrísí rẹ̀ yìí ni àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ fi ń lò ó fún àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ewé kọ́ ni. Àwọn ẹ̀dá tó so pọ̀ ni, méjì ló sì ṣe pàtàkì jù nínú wọn: èyí tó jẹ́ ìbátan olú ń pèsè ilé àti omi, èkejì tó kéré tí ojú kò lè rí i ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Bàbá Tólú gbọ́ àlàyé yìí tán, ó ní, "Ìgbéyàwó nìyẹn. Èwo lẹ fi èmi ṣe nínú méjèèjì?" Bí afẹ́fẹ́ bá dọ̀tí, ẹ̀dá yìí kò lè gbé ibẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí i, ẹ mí kanlẹ̀.

Igbó yìí ní ìtàn tirẹ̀. Nínú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Wales, níbẹ̀ ni olóògùn kan tó ń jẹ́ Gwydion ti fi idán pa ọba kan tó ń jẹ́ Pryderi. Ẹlẹ́dẹ̀ tí Gwydion fi ẹ̀tàn gbà lọ́wọ́ ọba náà ló dá ogun sílẹ̀ láàárín wọn. D. O. Fágúnwà ì bá ti mọ irú igbó bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Bìrìtìkó lọ tó ṣì jẹ́ irú igbó yìí, bẹ́ẹ̀ ó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa láyé àtijọ́. Wọ́n gé igi rẹ̀, àgùntàn ń jẹ èyí tó ń hù kó tó dàgbà, wọ́n tún gbin igi pákó tó ń yára ga sí ààyè rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀tá kan wọlé tó rẹwà lójú: rhododendron, òdòdó aláwọ̀ àlùkò tí àwọn olówó gbé wọ̀lú ní ọ̀rúndún kejìdínlógún láti fi ṣe ọgbà wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ó sá jáde nínú ọgbà, ó bo igbó, kò jẹ́ kí oòrùn kanlẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ewé Akíntọ́lá jà nínú oko mọ irú ìjà tó jẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń gé e tí wọ́n ń hú u, kí àwọn èso oak lè rí ààyè hù. Nílé, igbó Ọmọ wà lọ́wọ́ àwọn agégẹdú àti àwọn tó ń dá oko kòkó. Ará Bìrìtìkó ń ná owó àti agbára báyìí láti gba èyí tó kù díẹ̀ padà. Tiwa ṣì pọ̀ tó láti gbà là.

Kò sí ẹkùn nínú igbó wọn. Paramọ́lẹ̀ kékeré kan péré ni ejò olóró tí wọ́n ní, kì í sì í wá ènìyàn. Eégbọn ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí ó lè kó àìsàn Lyme ran ènìyàn. Ẹ ki ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ sì yẹ ara yín wò dáadáa bí ẹ bá délé.

Ta ló ni òkè?

Lóòótọ́, ojú máa ń pọ̀ lára wa nígbà mìíràn. Obìnrin kan ti bi wá rí bóyá a ṣìnà, nígbà tí máàpù wà lọ́wọ́ mi tí kò sí lọ́wọ́ tirẹ̀. Àwọn tó rò pé ènìyàn dúdú kò ní ohunkóhun ṣe lórí òkè Wales kò tíì béèrè owó tí wọ́n fi la ọ̀nà ibẹ̀. Richard Pennant ló kọ́kọ́ la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹṣin gba àfonífojì Ogwen kọjá ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nítorí òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Bethesda láti fi bo òrùlé. Oko ìrèké ní Jàmáíkà ló sọ ìdílé rẹ̀ di olówó, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin ń jiyàn lórí bóyá kí òwò ẹrú dópin, Pennant wà lára àwọn tó ní kó máa bá a lọ. Òógùn wa ti wà lójú ọ̀nà yẹn kó tó di pé èmi àti ọkọ mi débẹ̀.

Àwọn mìíràn ti rí i pé nǹkan yìí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 2019, Rhiane Fatinikun dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀ ní àríwá ìwọ̀ oòrùn England, kí àwọn obìnrin dúdú lè jọ máa rìn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò wọ́n bí àjèjì. Ẹni tí ẹ̀rù ìdáwà ń bà lè bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wù mí jù ní Eryri kì í ṣe òkè nìkan. Nínú ọkọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọdé ń fi èdè Welsh bá ìyá wọn ṣàròyé. Ní Gwynedd, nínú ètò ìkànìyàn 2021, ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn lè sọ èdè náà, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe súnmọ́ wọn tó. Tólú wa wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ kan tó gbọ́ wọn. Láti ìgbà náà, Yorùbá la fi ń gun òkè: ẹni tó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì kó tó dé orí rẹ̀ ni yóò gbé àpò oúnjẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má fi Yr Wyddfa bẹ̀rẹ̀. Kó lọ sí Edale, kó rìn fún wákàtí méjì ní ẹsẹ̀ òkè, kó padà. Kó wo ojú ọjọ́ tí Met Office ń kéde fún orí òkè, torí ti inú ìlú kò bá a mu. Kó sọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tó máa dé fún ẹnì kan. Kó pinnu aago tó máa yí padà, yálà ó dé orí òkè tàbí kò dé e. Bàbá Tólú máa ń sọ pé òkè ò ní ṣí lọ síbòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó ọkọ̀ àti bàtà ló wọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìrìn gan-an kò gba kọ́bọ̀.

Ní ti àwọn tó ní ọjọ́ Àìkú ni iṣẹ́ àwọn máa ń pọ̀ jù, ẹ wo ìwé iṣẹ́ yín dáadáa. Rothman àti àwọn èèyàn rẹ̀ kò ní ju ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo lọ láàárín ọ̀sẹ̀, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti rí àyè lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fún yín láti sinmi, ẹ tilẹ̀ ti jèrè: ọkọ̀ Edale kì í kún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.